Kí Oúnjẹ Má Pẹ́ Lẹ́yìn Abẹ́rẹ́

Ọ̀rọ̀ ìlera tí a sọ níbi ayẹyẹ ọdún kẹwàá ẹgbẹ́ wa

 

Ní ọjọ́ orí tí a dé yìí, ìtọ̀ ṣúgà ti wọ àárín wa, àwọn kan sì ń gún ínsúlíìnì. Èyí tí kì í mọ́ gaara, tó funfun bí omi ògì, tí wọ́n ń pè ní NPH, ni ọ̀rọ̀ mi dá lé lórí.

Oògùn yìí kì í ṣiṣẹ́ lójú ẹsẹ̀. Láàárín wákàtí 4 sí 12 lẹ́yìn tí a gún un ni agbára rẹ̀ máa ń pọ̀ jù. Ẹni tó gún un ní aago 7 àárọ̀, láti ọ̀sán títí di ìrọ̀lẹ́ ni oògùn ń lé ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wálẹ̀. Bí a bá pe òde ní aago 12, tí oúnjẹ kò jáde títí di aago 4, ewu dé nìyẹn.

Òógùn á bo onítọ̀hún, ọwọ́ rẹ̀ á máa gbọ̀n, ọ̀rọ̀ rẹ̀ á máa dàrú. Ẹ má sọ pé ọtí ló ń pa á. Ẹ fún un ní ìdajì ife mínírà tó ní ṣúgà, tàbí hóró ṣúgà mẹ́ta sí mẹ́rin. Bí ara rẹ̀ kò bá balẹ̀ lẹ́yìn ìṣẹ́jú 15, ẹ tún fún un. Bó bá balẹ̀, kó jẹun. Ṣùgbọ́n bí kò bá mọ ara rẹ̀ mọ́, ẹ má fi nǹkan kan sí i lẹ́nu. Ẹ fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀, kí ẹ sì tètè gbé e lọ sí ilé ìwòsàn.

Ẹ̀yin tó ń gún un, ẹ rọra yí ìgò rẹ̀ láàárín àtẹ́lẹwọ́ bí ìgbà 10. Ẹ má mì ín jìgìjìgì. Bí kókó bá ṣì wà nínú rẹ̀, ẹ má lò ó. Ìgò tí a kọ 100 sí, síríǹjì tí a kọ 100 sí ni kí ẹ fi fà á. Ẹ máa pààrọ̀ ojú ibi tí ẹ ń gún. Ẹ má jẹ́ kó dì bíi yìnyín, ẹ má sì fi í sílẹ̀ nínú ọkọ̀ tí oòrùn ń pa. Bí ẹ bá gbàgbé, ẹ má gún ti ẹ̀ẹ̀mejì pọ̀. Kí ẹ tó gbààwẹ̀, ẹ kọ́kọ́ rí dókítà.

Ẹ̀bẹ̀ mi kò ju méjì lọ. Kí àwọn tó ń bójú tó oúnjẹ máa kọ́kọ́ gbé e fún àwọn ojúgbà wa wọ̀nyí. Kì í ṣe ojúsàájú. Ìkejì, ẹni tó ń gún abẹ́rẹ́, kó jẹ́ kí ẹni tó jókòó tì í mọ̀. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́.

A ti ṣe ọdún 10. A ó jọ ṣe 20, a kò ní dín.