Owó Ìjọba fún Ẹ̀rọ Amúlégbóná

Ẹ̀yin ará wa tí ẹ ní ilé tiyín ní England àti Wales, ọ̀rọ̀ bọ́ílà ló délẹ̀ lónìí.

Láti ọdún 2022 ni ìjọba ti ń fún onílé lówó kó lè yọ bọ́ílà onígáàsì tàbí elépo kúrò, kó fi heat pump rọ́pò rẹ̀. Boiler Upgrade Scheme lorúkọ ètò náà. Pọ́ùn 5,000 ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ fún heat pump tó ń fa ooru láti inú afẹ́fẹ́. Nígbà tó di oṣù kẹwàá ọdún 2023, wọ́n sọ ọ́ di 7,500. Kì í ṣe ẹ̀yáwó o, ẹnikẹ́ni ò ní wá sin gbèsè.

Heat pump dà bíi fíríìjì tí iṣẹ́ rẹ̀ yí padà: ooru inú afẹ́fẹ́ ìta ló ń fà wọlé. Bẹ́ẹ̀ ni, afẹ́fẹ́ tútù náà ní ooru nínú! Ó ń jẹ iná mànàmáná, ṣùgbọ́n ooru tó ń pèsè sábà máa ń tó ìlọ́po mẹ́ta iná tó jẹ.

Owó ìjọba yìí kì í dé ọwọ́ yín. Òṣìṣẹ́ tó máa fi ẹ̀rọ náà sílé yín ló ń kọ̀wé sí Ofgem, àjọ tó ń bójú tó ètò náà, yóò sì yọ owó náà kúrò nínú iye tó ní kí ẹ san. Ẹni tó bá wá kanlẹ̀kùn pé kí ẹ sanwó fọ́ọ̀mù, ẹ tilẹ̀kùn mọ́ ọn. Ayálégbé ò lè béèrè; lándílọ́ọ̀dù lè béèrè.

Owó ṣì máa kù tí ẹ ó san. Ẹ jẹ́ kí òṣìṣẹ́ bíi mẹ́ta sọ iye tí wọ́n máa gbà fún yín kí ẹ tó tọwọ́ bọ̀wé.