Òfin Igbó: Ẹ̀wọ̀n Kì Í Ṣe Oògùn



A ò ní torí ìbò ká pe igbó ní ewédú. Igbó mímu lè ba ọpọlọ ọmọ tó ń dàgbà jẹ́, ó sì lè da orí ẹlòmíràn rú. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká bi ara wa: ṣé ẹ̀wọ̀n ló máa wò ó sàn?

Ní 1966, ìjọba ológun ṣòfin pé wọ́n lè pa ẹni tó bá gbin igbó. Ní 1989, ológun tún gbé òmíràn dé: ẹni tí wọ́n bá ká a mọ́ lọ́wọ́, ẹ̀wọ̀n ọdún 15 sí 25! Síbẹ̀, ìwádìí ọdún 2018 fi hàn pé àwọn tó lò ó láàárín ọdún kan ní Nàìjíríà lé ní mílíọ̀nù 10. Èrè òfin náà wá dà?

Bí ara ọmọ ẹni ò bá yá, ilé ìwòsàn là ń gbé e lọ, a kì í fà á lé wọ́dà lọ́wọ́. Kí òfin dojú kọ ẹni tó ń tà á fún ọmọdé. Ẹni tó ń mu ún, ká tọ́jú rẹ̀, ká wáṣẹ́ fún un.

Ohun tá a tìtorí ẹ̀ ń tọrọ ìbò yín nìyẹn. Ẹ dìbò, kí ọmọ yín lè padà wálé.