Mary Brooks àti Sẹ́ǹtì Àlùmíníọ̀mù

Ẹni tó bá ní sẹ́ǹtì Amẹ́ríkà nítòsí, kó gbé e sí àtẹ́lẹwọ́. Ẹ wo bó ṣe pọ́n. Ní 1973, díẹ̀ ló kù kí wọ́n sọ ọ́ di àlùmíníọ̀mù funfun, ọwọ́ obìnrin kan tó ti bójú tó oko àgùntàn bàbá rẹ̀ rí ní Idaho ni ọ̀rọ̀ náà wà.

Mary Brooks lorúkọ rẹ̀. Sẹ́nétọ̀ ni bàbá rẹ̀ ní Washington, sẹ́nétọ̀ ni ọkọ rẹ̀. Òun náà wọ Ilé Aṣòfin Àgbà ìpínlẹ̀ Idaho, ibẹ̀ ló wà tí Ààrẹ Nixon fi mú un ní 1969, pé kó wá ṣe ọ̀gá ilé iṣẹ́ tó ń rọ owó ẹyọ fún gbogbo Amẹ́ríkà.

Bàbà ló dá wàhálà sílẹ̀. Ó wọ́n débi pé èyí tó wà lára sẹ́ǹtì kan fẹ́ẹ̀ tó sẹ́ǹtì kan lówó. Wọ́n dábàá pé kí àlùmíníọ̀mù rọ́pò rẹ̀. Wọ́n rọ ti àlùmíníọ̀mù, ó lé ní mílíọ̀nù kan àti ààbọ̀, Brooks sì pín díẹ̀ fún àwọn aṣòfin àpapọ̀ kí wọ́n fọwọ́ bà á wò.

Ẹ̀yin ìyá, ẹ gbọ́ o. Àwọn dókítà tó ń ya àwòrán inú ara ọmọdé ta kò ó. Wọ́n ní bí ọmọ bá gbé e mì, kò ní fi bẹ́ẹ̀ hàn nínú X-ray. Àwọn tó ni ẹ̀rọ tí ń gba owó ẹyọ náà fárígá, ṣùgbọ́n lójú tèmi, ọ̀rọ̀ ọmọ yẹn ló wúwo jù. Àbá náà kú, wọ́n yọ́ èyí tó kù. Wọ́n ní káwọn aṣòfin dá tiwọn padà. Gbogbo rẹ̀ kò padà! Wọ́n ní ọlọ́pàá kan rí ọ̀kan nílẹ̀ nílé aṣòfin, ó rò pé sẹ́ǹtì mẹ́wàá ni, ó fẹ́ fún aṣòfin tó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyẹn ní kó máa mú un lọ.

Nígbà tó di 1974, sẹ́ǹtì bàbà wọ́n lọ́jà. Inú ìgò àti kóló làwọn èèyàn kó o sí. Ìjọba ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n kó o jáde. Ẹni tó bá kó 2,500 lọ sí báńkì, wọ́n fún un níwèé ẹ̀rí ìdúpẹ́.

Ẹlẹ́rọ wa ti ń juwọ́ sí mi pé àkókò ti tán, ìtàn kan sì kù. Ilé ìrọwó àtijọ́ ní San Francisco, tí ìmìtìtì ilẹ̀ àti iná 1906 ò rí gbé ṣe, Brooks ló jà fún un tí wọn ò fi wó o. Ìyẹn di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.