Àpò Owó Tí Ó Yẹ Kí Ó Wà Lẹ́yìn Òfin: Ìrànwọ́ fún Agbanisíṣẹ́ Tí Ó Gba Àkàndá Ẹ̀dá Síṣẹ́

Ìbéèrè tí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí fẹ́ dáhùn ni ẹni tí ó yẹ kí ó san owó tí ilé iṣẹ́ máa ń ná kí afọ́jú, adití tàbí ẹni tí kò lè fẹsẹ̀ rìn tó lè ṣe irú iṣẹ́ tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń ṣe. Ọ̀rọ̀ àánú àti ọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́ ti pọ̀ lórí àwọn ènìyàn wọ̀nyí, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ owó kò tíì pọ̀ tó, bẹ́ẹ̀ ibi tí owó ti wọ́n gan-an ni ìlérí òfin ti máa ń dúró sí. Nítorí náà, agbanisíṣẹ́ ni ojú yóò wà lára rẹ̀ jù lọ níhìn-ín, ìyẹn ẹni tí ó ń san owó oṣù, yálà ìjọba ni, yálà ilé ìfowópamọ́ ńlá ni, tàbí onítẹ̀wé tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò ju mẹ́fà lọ.

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ ṣe àlàyé orúkọ. Àwọn baba ńlá Yorùbá máa ń pe abuké, àfín àti arọ ní ẹni òrìṣà, nítorí ìgbàgbọ́ wọn pé ọwọ́ Ọbàtálá tí ó ń mọ ènìyàn ni irú ẹ̀dá bẹ́ẹ̀ ti jáde, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ fi wọ́n ṣe ẹlẹ́yà. Ọ̀wọ̀ wà nínú orúkọ náà, àmọ́ ọ̀wọ̀ nìkan kò bọ́ ẹnu. Àkàndá ẹ̀dá ni ọ̀rọ̀ tí àwọn oníròyìn ń lò lóde òní, òun náà ni a óò sì lò fún ẹnikẹ́ni tí ojú, etí, ẹsẹ̀, ọwọ́ tàbí ọpọlọ rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ bí ti ọ̀pọ̀ ènìyàn, tí èyí sì ń dí i lọ́wọ́ fún ìgbà pípẹ́.

Owó oṣù àkàndá ẹ̀dá kò yàtọ̀ sí ti ẹlòmíràn tí ó ń ṣe iṣẹ́ kan náà, kò sì yẹ kí ó yàtọ̀. Ohun tí ó ń fa ìnáwó ni àtúnṣe ibi iṣẹ́, èyí tí ó túmọ̀ sí gbogbo ohun tí a ní láti rà, láti kọ́ tàbí láti yí padà kí ẹni náà tó lè fi ọgbọ́n orí rẹ̀ ṣiṣẹ́. Akọ̀wé tí ó jẹ́ afọ́jú nílò ètò kọ̀ǹpútà tí yóò máa ka ohun tí ó wà lójú kọ̀ǹpútà sókè fún un. Oníṣirò owó tí ó jẹ́ adití nílò ògbufọ̀ tí yóò máa fi ọwọ́ túmọ̀ ohun tí àwọn ènìyàn ń sọ ní ìpàdé. Ẹni tí ó ń lo kẹ̀kẹ́ arọ nílò ọ̀nà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtẹ̀gùn, ilé ìyàgbẹ́ tí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ fẹ̀, àti ọkọ̀ tí ó lè gbé òun àti kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lọ síbi iṣẹ́. Àwọn àtúnṣe kan wà tí wọn kò gbà ju kí a yí wákàtí iṣẹ́ padà lọ, tí wọn kò sì mú kọ́bọ̀ dání. Àwọn mìíràn wọ́n gidigidi, pàápàá ti ògbufọ̀, nítorí ọ̀nà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ jẹ́ ohun tí a kọ́ lẹ́ẹ̀kan tí ó sì tán síbẹ̀, nígbà tí ògbufọ̀ ń gba owó rẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ tí ó bá wá.

Agbanisíṣẹ́ kékeré tí ó ṣírò ìnáwó yìí, tí ó sì fi ẹlòmíràn rọ́pò àkàndá ẹ̀dá tí iṣẹ́ náà tọ́ sí, lè má jẹ́ ìkà ènìyàn rárá. Òfin tí ó gbé gbogbo ẹrù lé e lórí ni ó mú un ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí lábẹ́ irú òfin yẹn, ẹni tí ó ṣílẹ̀kùn ni ó ń náwó, ẹni tí ó tìlẹ̀kùn sì ń kó èrè rẹ̀ jẹ ní ìdákẹ́jẹ́. Ohun tí Jámánì ti ń gbìyànjú láti yí padà láti nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn nìyí, ìdí sì nìyẹn tí a fi ní láti wo ti orílẹ̀-èdè náà fínnífínní ju ti àwọn yòókù lọ.

Ogun Àgbáyé Kìíní ni ó bí ọ̀rọ̀ náà. Nígbà tí ogun parí ní 1918, ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọ̀dọ́mọkùnrin ni ó padà sílé láìní ẹsẹ̀, láìní apá, tàbí láìríran mọ́, ní 1920 sì ni Jámánì ṣe òfin tí ó pa á láṣẹ fún àwọn agbanisíṣẹ́ pé kí wọ́n fi ààyè iṣẹ́ sílẹ̀ fún àwọn tí ogun tàbí ìjàǹbá ibi iṣẹ́ sọ di aláàbọ̀ ara. Gbèsè ni ìpìlẹ̀ òfin yẹn: orílẹ̀-èdè jẹ àwọn tí wọ́n jagun fún un ní gbèsè, iṣẹ́ ni ó sì fi ń san án. Ẹni tí a bí pẹ̀lú àléébù, tàbí tí àìsàn mú ní kékeré, kì í ṣe ẹni tí òfin náà ní lọ́kàn ní pàtàkì. Ọdún 1974 ni ìyípadà ńlá dé, nígbà tí òfin tuntun pa ìbéèrè nípa ohun tí ó fa àléébù rẹ́, tí ó sì sọ pé bí ìdíwọ́ náà ti tó nìkan ni a óò máa wò. Láti ìgbà náà, ìwọ̀n kan wà tí ó ń lọ dé 100, ẹni tí ó bá sì ní 50 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ni òfin kà sí ẹni tí ìdíwọ́ rẹ̀ lágbára. Ìyípadà yìí ṣe pàtàkì ju bí ó ti rí lójú lọ, nítorí ó mú ọ̀rọ̀ náà kúrò ní ẹ̀san fún akọni, ó sì sọ ọ́ di ẹ̀tọ́ ọmọ ènìyàn.

Bí ètò náà ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyí. Agbanisíṣẹ́ tí ó bá ní ààyè iṣẹ́ 20 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ gbọ́dọ̀ fi ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún wọn fún àwọn tí ìdíwọ́ wọn lágbára. Bí kò bá ṣe é, yóò san owó kan tí wọ́n ń pè ní Ausgleichsabgabe, èyí tí a lè pè ní owó ìdọ́gba, nítorí pé iṣẹ́ rẹ̀ ni láti mú kí ẹrù dọ́gba láàárín ẹni tí ó gbà wọ́n síṣẹ́ àti ẹni tí kò gbà wọ́n. Fún ọdún 2024, owó náà jẹ́ Yúrò 140 lóṣù lórí ààyè kọ̀ọ̀kan tí ó ṣófo fún ẹni tí ó ti dé ìdá mẹ́ta ṣùgbọ́n tí kò tíì pé márùn-ún, ó sì lọ sókè dé 720 fún ẹni tí kò gba ẹyọ kan ṣoṣo. Ilé iṣẹ́ tí ó ní òṣìṣẹ́ 100, tí kò sì ní àkàndá ẹ̀dá kankan láàárín wọn, san Yúrò 43,200 fún odindi ọdún náà. Èyí tí ó ti gba mẹ́rin nínú márùn-ún kò san ju 1,680 lọ. Ẹni tí ó bá fi iye méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn yóò rí i pé òfin náà mọ ìyàtọ̀ láàárín ẹni tí ó gbìyànjú tí kò tó o àti ẹni tí kò gbìyànjú rárá.

Ibi tí owó náà ń lọ ni ó fi yàtọ̀ sí owó ìtanràn lásán. Kò wọ inú àpò gbogbogbòò ìjọba, níbi tí a ti lè fi ṣe títì tàbí fi san owó oṣù àwọn ọlọ́pàá. Àwọn ilé iṣẹ́ ìjọba tí ń jẹ́ Integrationsamt ni wọ́n ń gbà á, wọn kò sì lè ná an sórí ohunkóhun bí kò ṣe iṣẹ́ àwọn àkàndá ẹ̀dá: láti ra ẹ̀rọ, láti tún ibi iṣẹ́ kọ́, láti sanwó fún olùrànlọ́wọ́ tí ó ń jókòó ti òṣìṣẹ́ lẹ́nu iṣẹ́. Yàtọ̀ sí èyí, ilé iṣẹ́ ìjọba tí ń bá ènìyàn wá iṣẹ́ lè san apá kan nínú owó oṣù ẹni tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà. Fún ẹni tí ìdíwọ́ rẹ̀ lágbára, ó lè dé ìdá àádọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún fún oṣù 24. Láti ìbẹ̀rẹ̀ 2022 ni wọ́n sì ti dá ojúkò kan sílẹ̀ fún àwọn agbanisíṣẹ́, níbi tí wọ́n lè bá ẹnì kan ṣoṣo sọ̀rọ̀ dípò kí wọ́n máa ti ọ́fíìsì kan bọ́ sí òmíràn. Èyí tí ó kẹ́yìn yìí lè dà bí ohun kékeré, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni tí ó bá ti ru ìwé káàkiri ọ́fíìsì ìjọba rí mọ̀ pé ìrànwọ́ tí ènìyàn kò mọ ẹnu ọ̀nà rẹ̀ kò yàtọ̀ sí èyí tí kò sí.

Ẹni tí ó mọ èsúsú lè fẹ́ fi àpò yìí wé e, àmọ́ ìyàtọ̀ wà. Owó olúkúlùkù ni èsúsú ń dá padà fún un nígbà tí ó bá kàn án, ṣùgbọ́n àpò Jámánì ń gba owó lọ́wọ́ ẹni tí kò ṣe ojúṣe, ó sì ń fi ran ẹni tí ó ṣe é lọ́wọ́. Ohun tí ó súnmọ́ ọn ni iṣẹ́ ìlú, nígbà tí gbogbo ọkùnrin abúlé bá jáde láti ṣán ọ̀nà odò, tí a sì gba owó lọ́wọ́ ẹni tí kò jáde. Ní abúlé, gbogbo ènìyàn mọ̀ pé owó yẹn kò pa ọ̀rọ̀ náà rẹ́, wọn yóò tún máa retí onítọ̀hún ní ọjọ́ iṣẹ́ mìíràn. Òfin Jámánì náà kọ ọ́ sílẹ̀ kedere pé sísan owó ìdọ́gba kò mú ojúṣe ìgbanisíṣẹ́ kúrò.

Síbẹ̀, kò yẹ kí a yin ètò náà kọjá ibi tí ó dé. Nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin àwọn agbanisíṣẹ́ tí òfin náà mú ni wọn kò ní àkàndá ẹ̀dá kankan lẹ́nu iṣẹ́. Wọ́n ń sanwó, wọ́n sì ń sùn. Ìdí rẹ̀ nìyí tí òfin tí wọ́n ṣe ní 2023 fi dá ìpele kẹrin, ti 720 Yúrò, sílẹ̀ fún irú wọn, tí ó sì ti lọ sókè sí 815 láti ìbẹ̀rẹ̀ 2025. Owó tí ó bá kéré jù ń di owó ẹnubodè tí olówó ń san kọjá, orílẹ̀-èdè yòówù tí ó bá fẹ́ ṣe irú ètò yìí ní láti fi ìyẹn sọ́kàn láti ọjọ́ kìíní.

Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gba ọ̀nà mìíràn. Ní 1944, nígbà tí Ogun Àgbáyé Kejì ṣì ń lọ lọ́wọ́, wọ́n ṣe òfin pé kí agbanisíṣẹ́ tí ó ní òṣìṣẹ́ 20 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ gba ìdá mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún láti inú àwọn àkàndá ẹ̀dá, ṣùgbọ́n òfin náà kò ní àpò owó, ìjọba kì í sábà pe ẹni tí ó rú u lẹ́jọ́, ó sì kú ikú òfin tí a kò lò: òfin 1995 tí ó ka ìyàsọ́tọ̀ léèwọ̀ ni ó rọ́pò rẹ̀. Ohun tí ó wúlò ju ti 1944 lọ ni ètò Access to Work tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1994, níbi tí owó ìrànwọ́ ti ń tẹ̀lé òṣìṣẹ́ fúnra rẹ̀. Bí ó bá kúrò níbi iṣẹ́ kan lọ sí òmíràn, ó tún lè béèrè rẹ̀ níbẹ̀. Ó ń san owó ògbufọ̀, owó ẹ̀rọ àti owó ọkọ̀, ó sì lè dé Pọ́ùn 69,260 fún ẹnì kan nínú ọdún ìṣúná tí ó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹrin 2024. Ilé iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò tó 50 kì í dá sí owó ẹ̀rọ, àwọn tí ó tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ ni wọ́n ń san apá tiwọn. Ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ní Lọ́ńdọ̀nù ni ó ní ilé iṣẹ́ kékeré báyìí, ẹ̀tọ́ wọn ni ètò yìí bí ó ti jẹ́ ẹ̀tọ́ ẹnikẹ́ni. Ìjọba ni ó ń san owó náà láti inú owó orí, àbùkù rẹ̀ ní àwọn ọdún àìpẹ́ yìí sì ni pé ìdáhùn máa ń pẹ́ débi pé iṣẹ́ lè bọ́ mọ́ ènìyàn lọ́wọ́ kí ó tó dé.

Amẹ́ríkà ń lo owó orí: ilé iṣẹ́ kékeré tí ó bá náwó láti tún ibi iṣẹ́ ṣe lè yọ ìdajì apá ìnáwó náà tí ó wà láàárín Dọ́là 250 sí 10,250 kúrò nínú owó orí tí ó yẹ kí ó san. Ó dára, ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá ní èrè kò ní owó orí tí yóò yọ nǹkan kúrò nínú rẹ̀.

Ní Nàìjíríà, Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí òfin tí ó ka ìyàsọ́tọ̀ sí àwọn àkàndá ẹ̀dá léèwọ̀ ní oṣù kìíní 2019. Òfin náà sọ pé kí àwọn agbanisíṣẹ́ ìjọba gba ó kéré tán ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún láti inú wọn, níwọ̀n bí ó bá ti ṣeé ṣe. Iye náà bá ti Jámánì mu, ṣùgbọ́n gbólóhùn tí ó tẹ̀lé e fẹ̀ tó ilẹ̀kùn àgbàlá, ẹnikẹ́ni tí kò bá fẹ́ ṣe é lè gba ibẹ̀ jáde. Kò sí àpò owó fún agbanisíṣẹ́ aládàáni tí ó fẹ́ ra ẹ̀rọ tàbí tí ó fẹ́ gba ògbufọ̀. Ohun tí ó sì dunni nínú èyí ni pé Nàìjíríà ti mọ bí a ṣe ń kó irú àpò bẹ́ẹ̀ jọ tipẹ́tipẹ́. Láti 1971 ni Industrial Training Fund, tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí ITF, ti wà. Agbanisíṣẹ́ tí ó ní òṣìṣẹ́ márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ń san ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún àpapọ̀ owó oṣù ọdún kọ̀ọ̀kan fún un, ẹni tí ó bá sì kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ní iṣẹ́ bí òfin ti wí lè gbà dé ìdajì ohun tí ó san padà. Láti 2010 ni òfin mìíràn sì ti ní kí àwọn agbanisíṣẹ́ san ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún fún àpò mìíràn tí ń jẹ́ NSITF, nítorí àwọn tí ó bá fara pa lẹ́nu iṣẹ́. Àpò méjì wà nílẹ̀, pẹ̀lú àwọn tí ń kó owó wọn jọ, pẹ̀lú fọ́ọ̀mù, pẹ̀lú ìwé ìṣirò, kò sì sí èyí tí ó béèrè lọ́wọ́ agbanisíṣẹ́ pé àkàndá ẹ̀dá mélòó ni ó gbà.

Ìrànwọ́ kò ní láti dúró de òfin tuntun tí yóò gba ọdún mẹ́wàá kí ó tó jáde. Kí àwọn aṣòfin tí ó wà ní Àbújá fi ìlà kan kún òfin ITF, pé ilé iṣẹ́ tí ó bá gba àkàndá ẹ̀dá, tí ó sì fi ìwé ìrajà hàn fún ẹ̀rọ, ọ̀nà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tàbí ògbufọ̀, yóò gba owó rẹ̀ padà nínú àpò náà gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó kọ́ òṣìṣẹ́ níṣẹ́. Kí àwọn ẹgbẹ́ àkàndá ẹ̀dá náà, nígbà tí wọ́n bá tún lọ bá ìjọba, má ṣe béèrè ìdá márùn-ún nìkan. Kí wọ́n béèrè ibi tí owó rẹ̀ yóò ti wá, kí wọ́n sì na ìka sí ITF.