Kí Àwa Náà Délé, Kí Ọjà Náà Délé
Ọ̀rọ̀ tí a bá ọmọ ẹgbẹ́ sọ ní ìpàdé, lórí kọ́nà tó léwu lójú ọ̀nà oko

   

Ọ̀pọ̀ nínú wa tí ń tajà ní Bódìjà ló ń gba Mọ́níyà lọ sí Ìjàyè àti Ìsẹ́yìn lọ kó iṣu, gàrí àti ẹlùbọ́. Ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ti tún ọ̀nà náà ṣe, kìlómítà 65, a sì dúpẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀nà burú, kòtò ló ń bá wa dá awakọ̀ lẹ́kun. Ní báyìí tí ọ̀nà ti dán, kí ló máa dá a lẹ́kun? Kò sì sí ohun tó pín ọkọ̀ tó ń lọ níyà sí èyí tó ń bọ̀. Tó bá dé ibi tí ọ̀nà ti wọ́, tí igbó bo ẹ̀gbẹ́ títì, kò ní rí ẹnì kejì àfi tí wọ́n bá ti fẹ́ kọlu ara wọn.

Ẹ wo bí ọkọ̀ ṣe ń dojú dé ní kọ́nà. Ẹni tó ru apẹ̀rẹ̀ tòmátì kì í yí bìrí. Tó bá yí bìrí, apẹ̀rẹ̀ á lọ síbi tó ń lọ tẹ́lẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọkọ̀ tí ẹrù ga lórí rẹ̀. Eré ló sì ń dá kún un: tí eré bá di ìlọ́po méjì, agbára tó ń ti ọkọ̀ síta ní kọ́nà á di ìlọ́po mẹ́rin.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun ní ìpínlẹ̀ wa. Ọ̀nà Ìbàdàn sí Ifẹ̀ pa akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ifẹ̀ títí ó fi sú Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká, tó jẹ́ olùkọ́ níbẹ̀. Ní 1977 ni wọ́n dá ẹ̀ṣọ́ ojú pópó ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ sílẹ̀. Ní 1988 ni ìjọba àpapọ̀ tó dá FRSC sílẹ̀, àwọn tí à ń pè ní Road Safety, Ṣóyínká sì ni alága àkọ́kọ́. Olùkọ́ ni, kì í ṣe ọlọ́pàá. Ẹni tọ́rọ̀ dùn ló gbé e. Àwa náà lọ̀rọ̀ yìí dùn.

Àwa la ni ẹrù, àwa la ń sanwó ọkọ̀. Nítorí náà ẹnu wa tólẹ̀. Ohun tí a fẹnu kò sí nìyí:

1. Kí ẹrù wúwo wà nísàlẹ̀, kí a fi okùn dì í dáadáa. Kí ẹnikẹ́ni má jókòó lórí ẹrù. A mọ̀ pé owó ọkọ̀ ti wọ́n. Kí ẹni méjì mẹ́ta dáwó jọ gba ọkọ̀ kejì.

2. Kí a tètè jí lọ, kí a má máa lé awakọ̀ léré nítorí pé ọjà fẹ́ tú. Tó bá fẹ́ ya ẹlòmíì sílẹ̀ ní kọ́nà, kí gbogbo ọkọ̀ pariwo: "Dẹ́rẹ́bà, ẹ rọra o!"

3. Kí a má dúró rajà ní kọ́nà. Kí a bẹ àwọn tó ń pàtẹ iṣu síbẹ̀ kí wọ́n sún sí ibi tí ọ̀nà ti tọ́.

4. Tí ọkọ̀ bá bàjẹ́ ní kọ́nà, kí a já ewé sójú títì ní òkèèrè, ṣáájú kọ́nà, kì í ṣe lẹ́bàá ọkọ̀. Tí jàǹbá bá ṣẹlẹ̀, 122 ni nọ́ńbà FRSC, ọ̀fẹ́ ni.

5. Àwa aláṣẹ ẹgbẹ́ yóò bá àwọn baálẹ̀ sọ̀rọ̀ kí wọ́n máa ṣán igbó ibẹ̀ lásìkò òjò. A ó sì kọ̀wé sí ìjọba ìbílẹ̀ àti FRSC fún pátákó alámì.

Àpò tó kù lóko lónìí, a ó padà lọ kó o lọ́la. Ẹni tó bá kù sójú ọ̀nà kò ṣeé padà lọ kó. A ó máa lọ ire, a ó máa bọ̀ ire.