Ta Ni Kó Jẹ́ Kóòṣì?

(Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn ìdílé ẹgbẹ́ wa sọ ní Birchmere Park)

 

Àwa nọ́ọ̀sì inú ẹgbẹ́ ni a wà lábẹ́ igi lọ́hùn-ún láti àárọ̀, tí a ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru. Òfin iṣẹ́ wa ni pé kí ènìyàn jókòó jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú márùn-ún kí a tó wọn tirẹ̀. Àwọn bàbá kan kò lè jókòó jẹ́ẹ́. Àríyànjiyàn lórí ẹni tó yẹ kó jẹ́ kóòṣì ni wọ́n ń ṣe. Ó bẹ̀rẹ̀ lórí Charlton, ó dé orí Arsenal, ó wá fìdí kalẹ̀ sórí Super Eagles. A ní kí wọ́n lọ jẹ móínmóín ná.

A kì í ṣe ọ̀tá bọ́ọ̀lù o. Àdúgbò bọ́ọ̀lù ni a ń gbé. Ní Woolwich níbí ni àwọn òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ ohun ìjà ti dá Arsenal sílẹ̀ ní 1886, kí ẹgbẹ́ náà tó kó lọ sí Highbury ní 1913. Ohun tó mú wa dìde ni gbólóhùn kan tí a kì í ṣe aláìgbọ́ níbikíbi tí a bá ti péjọ: "Ẹ wá òyìnbó, tiwa-n-tiwa kò lè ṣe é." Etí àwọn ọmọ ni wọ́n sì ti ń sọ ọ́.

Ẹ jẹ́ kí a wo bí ó ti rí. Clemens Westerhof, ará Holland, gba iṣẹ́ Super Eagles ní 1989. Ní oṣù Kẹta 1990, ní Algiers, Algeria fi góòlù 5-1 na Nàìjíríà nínú ìfigagbága àkọ́kọ́ Ife Ilẹ̀ Áfíríkà, ó sì tún fi 1-0 nà wọ́n ní àṣekágbá. Wọn kò lé Westerhof. Wọ́n fún un láyè, nígbà tó sì di 1994 ó gba ife náà ní Tunisia, ó tún kó wa lọ sí Ife Àgbáyé wa àkọ́kọ́. Ó ṣe bẹbẹ, a kò jiyàn.

Finidi George wà nínú ikọ̀ 1994 yẹn. Ní ìparí oṣù Kẹrin 2024 wọ́n fi í ṣe kóòṣì. Ní oṣù Kẹfà, ó gba ọ̀mì 1-1 pẹ̀lú South Africa ní Uyo, Benin sì nà án ní 2-1 ní Abidjan. Ìfigagbága méjì péré! Wọ́n ní àwọn yóò mú òyìnbó wá, Finidi sì kọ̀wé fi ipò sílẹ̀ nínú oṣù kan náà. Ní oṣù Kẹjọ wọ́n kéde Bruno Labbadia, ará Jámánì. Àdéhùn náà dàrú kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Augustine Eguavoen, ọmọ ilé, ni wọ́n sá tọ̀. Ní oṣù Kẹsàn-án, 3-0 ni Nàìjíríà fi na Benin kan náà. Okùn tí a fi wọn Westerhof kọ́ ni a fi wọn Finidi.

Àwa tí a ti gba ìwé ẹ̀rí nọ́ọ̀sì nílé kí a tó wọ ọkọ̀ òfúrufú, tí a tún bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ níbí, a mọ irú okùn bẹ́ẹ̀. A mọ bí ó ti ń rí kí wọ́n ti dájọ́ ènìyàn kó tó fọwọ́ kan iṣẹ́. Nítorí náà ó ń dùn wá bí a bá gbọ́ ọ lẹ́nu ara wa.

Kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ àwọ̀ nìkan. Alan Curbishley lo ọdún 15 ní Charlton, láti 1991 sí 2006. Lẹ́yìn rẹ̀, kóòṣì mẹ́ta, òyìnbó ni gbogbo wọn, ni wọ́n lò láàárín sáà kan ṣoṣo, wọ́n sì já kúrò ní Premier League ní 2007. Ẹni tó bá ti ṣiṣẹ́ ní wọ́ọ̀dù tí wọ́n ń pààrọ̀ ọ̀gá rẹ̀ léraléra kò ní béèrè ìdí. Aláwọ̀ dúdú ni Chris Powell tó gba iṣẹ́ náà ní 2011. Ní 2012 ó fi àmì 101 gba ipò kìíní ní League One. The Valley níbí ni, kì í ṣe ìlú òkèèrè.

Ọmọ kan níbi ẹ̀kọ́ Yorùbá bi wá pé, "Aunty, ṣé Nàìjíríà kò ní kóòṣì ni?" A dárúkọ Stephen Keshi fún un: balógun ikọ̀ 1994, kóòṣì tó gba ife ní South Africa ní 2013, tí wọ́n sì jẹ ní gbèsè owó oṣù lọ́dún náà gan-an. Ó ti dolóògbé láti 2016. Ọmọ náà kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí, ṣùgbọ́n ó mọ orúkọ gbogbo òyìnbó tí bàbá rẹ̀ fẹ́.

A ń wá bàbá méjì tàbí mẹ́ta tó fi ojú ara wọn wo bọ́ọ̀lù 1994, kí wọ́n wá sọ ti Keshi àti Finidi fún àwọn ọmọ ní ọjọ́ Àbámẹ́ta kan, ní èdè wa. Ẹ fi orúkọ yín sílẹ̀ lọ́dọ̀ akọ̀wé.