Ọkọ̀ Náà Ti Ń Sọ̀rọ̀ Tipẹ́

(Ìwàásù orí tẹlifíṣọ̀n, bí a ṣe kọ ọ́ sílẹ̀ láti ẹnu oníwàásù)

   Ìyá tó wà nídìí ààrò, ẹ dín iná kù díẹ̀ kẹ́ ẹ wá gbọ́. Ẹ̀yin awakọ̀ pàápàá, tiyín ni mo bá wá lónìí.

Ẹ̀ṣẹ̀ ara mi ni mo fẹ́ jẹ́wọ́. (Ẹ̀rín.) Ẹ má rẹ́rìn-ín, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán ná.

Ní ọdún 2006, mo ra ọkọ̀ kan. Tòkunbọ̀ ni. Kì í ṣe irú ọkọ̀ tí ẹ máa ń rí pásítọ̀ nínú rẹ̀. Ọkọ̀ eré ni, èyí tí àwọn ọmọ ìgboro ń pè ní sipọ́ọ̀tì kà. Ilẹ̀kùn méjì péré, ó lẹ̀ mọ́lẹ̀ bí alángbá tó ń yáàrùn, táyà rẹ̀ fẹ̀ bẹẹrẹ. Bí mo bá gbé e wọ Ajíbọ́dẹ, àwọn ọmọdé á máa sáré tẹ̀lé mi. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ Ajíbọ́dẹ ìgbà yẹn, ní ẹ̀yìn Yunifásítì Ìbàdàn níbẹ̀, ní ìjọba ìbílẹ̀ Akínyẹlé, ẹ mọ̀ pé ọ̀nà ibẹ̀ kì í ṣe ọ̀nà irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ ń lọ, àgbẹ̀ ń ti oko bọ̀, ewúrẹ́ ń sọdá. Ṣùgbọ́n ìgbéraga kì í wo kòtò.

Kò pé oṣù mẹ́ta tí ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kérora. Tí mo bá yí sítíárìn, á ní "hùùùn". Tí mo bá fẹ́ páàkì, á le bí ẹni ń yí ọlọ. Mo gbé e lọ bá mẹkáníìkì. Ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó fi àkísà nu abẹ́ rẹ̀, ó nà án sí mi. Ọ́ìlì ti rin àkísà náà gbingbin. Ó ní, "Pásítọ̀, hóòsì pawa yín ń jò. Ẹ jẹ́ ká pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ ó fi ọkọ̀ sílẹ̀ fún ọjọ́ méjì."

Ẹ̀yin ará, owó wà lọ́wọ́ mi o! Ọjọ́ méjì yẹn ni mi ò fẹ́. Ìgbéyàwó kan ń bọ̀ ní Sátidé, mo sì fẹ́ kí wọ́n rí mi nínú ọkọ̀ náà. Mo ní, "Jẹ́ ká ṣì máa da ọ́ìlì sí i ná."

Bí mo ṣe di ẹni tó ń gbé gọ́ọ̀mù ọ́ìlì sínú búùtù nìyẹn. Láàárọ̀, mo dà á. Lálẹ́, ó ti jò tán. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí iná ò bá tán láṣọ, ẹ̀jẹ̀ kì í tán léèékánná. Oṣù méjì ni mo fi ń pa iná kọ̀ọ̀kan, mi ò fọ aṣọ. Ẹ tún wá gbọ́ èyí tó burú jù: mo gbàdúrà lé ọkọ̀ lórí. Mo ta òróró sí bọ́nẹ́ẹ̀tì. (Ẹ̀rín.) Òróró tí ọkọ̀ ń bèèrè kọ́ nìyẹn! Mo gbàgbọ́ nínú àdúrà, àdúrà ló gbé mi dúró síbí. Ṣùgbọ́n ẹni tí Ọlọ́run ti rán mẹkáníìkì sí, tó tún wá ń gbàdúrà kí hóòsì dí fúnra rẹ̀, àìgbọ́ràn ló ń ṣe. Ẹ sọ fún ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín pé, "Tún ibi tó ń jò ṣe!" (Ìjọ: Tún ibi tó ń jò ṣe!)

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé, kí ẹni tí kò mọ ọkọ̀ lè bá wa lọ. Nígbà láéláé, agbára apá awakọ̀ nìkan ló ń yí táyà. Ní ọdún 1926, ẹnjiníà ará Amẹ́ríkà kan, Francis Davis, fi ohun tí a ń pè ní pawa sítíárìn hàn nínú ọkọ̀ Pierce-Arrow. Ní 1951, Chrysler bẹ̀rẹ̀ sí í tà á nínú ọkọ̀ Imperial wọn. Èyí tó ń lo ọ́ìlì, bó ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyí: ẹ́ńjìnì ń yí bẹ́líìtì, bẹ́líìtì ń yí pọ́ǹpù, pọ́ǹpù ń fi agbára ti ọ́ìlì gba inú hóòsì, ọ́ìlì yẹn ló ń bá yín ti táyà. Ìka kan lẹ ó fi yí ọkọ̀, ẹ ó sì rò pé agbára yín ni. Agbára yín kọ́ o! Olùrànlọ́wọ́ kan wà lábẹ́ tẹ́ ẹ ò rí.

Ẹnì kan á ní, "Pásítọ̀, ọkọ̀ míì ò ní pawa rárá, wọ́n sì ń wà á." Òótọ́ ni. Ọkọ̀ eré Lotus Elise tó jáde ní 1996 ò ní in. Ṣùgbọ́n wọ́n ṣe é kó fúyẹ́, wọ́n sì ṣe sítíárìn rẹ̀ fún apá èèyàn lásán. Ọkọ̀ tí wọ́n ṣe pẹ̀lú pawa yàtọ̀. Tí pawa bá kú nínú rẹ̀, ẹ ó fa táyà, ẹ ó tún máa ti pọ́ǹtí ọ́ìlì tó kù nínú rẹ̀. Tó bá wá jẹ́ ọkọ̀ eré tí táyà rẹ̀ fẹ̀, tí sítíárìn rẹ̀ máa ń yí kíákíá, ẹrù yẹn tún pọ̀ sí i. Ìdí nìyẹn tí ọkọ̀ tí kò ní olùrànlọ́wọ́ rí fi sàn ju èyí tó ní in tó sì jẹ́ kó jò dànù. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀.

Sátidé náà dé. Òjò ti rọ̀ láàárọ̀. Mo ń ti ẹ̀yìn Yunifásítì bọ̀, mo ń sọ̀ kalẹ̀ sí Ajíbọ́dẹ, agbádá mi ń dán. Igbe "hùùùn" yẹn kàn dákẹ́ lójijì. Mo ní, "Ẹ ṣé Olúwa, ó ti dáa!" Ẹ̀yin ará, ọ́ìlì ló tán. Kọ́nà kan dé, mo yí sítíárìn, kò yí. Ẹnu kọ́nà yẹn, ìyá kan ń sun àgbàdo, ọmọ rẹ̀ jókòó tì í.

Jésù! Mo fi ọwọ́ méjèèjì fa á, mo fi ẹsẹ̀ tẹ bíréèkì, mo fa á títí èjìká fi ń dùn mí. Ọkọ̀ yà, ṣùgbọ́n kò yà tán. Ó gba tábìlì àgbàdo, ó kó sínú gọ́tà. Ìyá náà ti fa ọmọ rẹ̀ sẹ́yìn. Ààyè tó wà láàárín ọmọ yẹn àti bọ́nẹ́ẹ̀tì mi, ẹ lè fi àgbàdo kan wọ̀n ọ́n. (Ìjọ: Hààà!)

Mo jáde, ara mi ń gbọ̀n. Mo rò pé ìyá náà á gbá mi létí. Kò gbá mi. Ó wo ọkọ̀, ó wo agbádá, ó ní, "Ẹ̀yin bàbá yìí, ṣé ọkọ̀ yìí ò bá yín sọ̀rọ̀ kó tó dé ibí ni?"

Mi ò rí èsì fọ̀. Oṣù méjì ni ọkọ̀ ti ń bá mi sọ̀rọ̀. Ẹni a wí fún, ọba jẹ́ kó gbọ́. Èmi ò gbọ́. Mo san owó tábìlì àti àgbàdo, mo sì padà lọ bẹ ìyá náà nílé. Nígbà tí mẹkáníìkì tú ọkọ̀, pọ́ǹpù pàápàá ti jóná nítorí ó ti ń ṣiṣẹ́ láìsí ọ́ìlì. Hóòsì tí mo sá fún, mo rà á, mo tún ra pọ́ǹpù.

Ẹ má rò pé ọkọ̀ àtijọ́ nìkan ni. Ní March 2010, General Motors ní Amẹ́ríkà pe ọkọ̀ bíi mílíọ̀nù 1.3 padà, Chevrolet Cobalt wà lára wọn, nítorí pawa sítíárìn wọn tó ń lo iná lè dáṣẹ́ sílẹ̀. Ilé iṣẹ́ ńlá gbọ́ ìkìlọ̀, ó ní kẹ́ ẹ gbé e padà wá. Ìwọ tó ní ọkọ̀ kan ṣoṣo, kí ló dé tó ò gbọ́?

Níbí ní Ọ̀yọ́, ìjọba dá ẹ̀ṣọ́ ojú pópó sílẹ̀ ní 1977, Wọlé Ṣóyínká ló darí rẹ̀. Ìjọba àpapọ̀ dá FRSC sílẹ̀ ní 1988. A dúpẹ́. Ṣùgbọ́n kò sí ẹ̀ṣọ́ tó ń gbé abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì yín. Ẹ̀yin lẹ ó wò ó.

Ẹ gbọ́ ohun tẹ́ ẹ ó ṣe. Tó bá le mọ́ yín lọ́wọ́ lójú ọ̀nà, ẹ má pa ẹ́ńjìnì nígbà tí ọkọ̀ ṣì ń sáré, torí bíréèkì náà á le, sítíárìn sì lè há. Ẹ fi ọwọ́ méjèèjì mú un, ẹ dín eré kù díẹ̀díẹ̀, ẹ wá ibi tó tẹ́jú, ẹ dúró. Ẹ wo bẹ́líìtì, ẹ wo ọ́ìlì. Tó bá ti dín, ó ń jò níbì kan nìyẹn. Ẹ lè da díẹ̀ sí i láti fi dé ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì. Ẹ má fi dé òde ìyàwó!

Jákọ́bù, ní orí kẹta ìwé rẹ̀, mẹ́nu ba ìtọ́kọ̀ kékeré tó ń darí ọkọ̀ ojú omi ńlá. Ohun kékeré ni. Hóòsì tèmi náà kéré. Ẹ̀mí ọmọ tó fẹ́ gbà kò kéré.

Ẹ dìde dúró. Kí n tó gbàdúrà, mo ní iṣẹ́ fún yín. Kẹ́ ẹ tó wa ọkọ̀ kúrò nínú ọgbà yìí, ẹ bẹ̀rẹ̀ wo ilẹ̀ tó páàkì sí. Tẹ́ ẹ bá rí ọ́ìlì nílẹ̀, ẹ gbé ọ̀kadà lọ sílé, kì í ṣe ìtìjú.

Baba, fún wa ní etí tó ń gbọ́ nígbà tí ìkìlọ̀ ṣì jẹ́ ìkùnsínú. Má jẹ́ kí ọmọ ọlọ́mọ san gbèsè ìgbéraga wa. Ní orúkọ Jésù! (Ìjọ: Àmín!)